Olè Tó Jí Ìṣirò Gbé Kó Tó Jinná

                                        Ojúlé 27, Òpópónà Zhulian,
                                        Hsinchu,
                                        Taiwan.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Su-chin,

Ṣé dáadáa ni ẹ wà ní Madou níbẹ̀ yẹn? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ìyá ọkọ yín ńkọ́? Ọmọ wa ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti hu eyín, pé ó sì ti ń fi gé èèyàn jẹ. Ẹ má nà án o, ìwà ìdílé wa ni. Àwọn òroǹbó ńlá tí ẹ fi ránṣẹ́ nígbà àjọ̀dún òṣùpá dé láyọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló fara gbá. Bọ̀dá Heng-yi fi èèpo èyí tó tóbi jù dé orí bíi fìlà, bí a ti máa ń ṣe nígbà tí a wà lọ́mọdé, ó wá dà bí ọba ọ̀lẹ. Afẹ́fẹ́ ìlú yìí ti bẹ̀rẹ̀ ìṣe rẹ̀ ọdọọdún. Aṣọ tí mo sá lánàá, ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ni mo ti lọ ṣà á.

Ẹ bi mí ní ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà yín, ẹ sì rọra bi í bí ẹni tó ń fọwọ́ kan egbò. Ẹ ní Ìyá Àgbà gbọ́ lọ́jà pé wọ́n ti lé Bọ̀dá kúrò nílé ìwádìí, pé ó jí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ gbé. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Àgbà kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Olè wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ tiwọn. Ẹ jókòó dáadáa kí n ròyìn rẹ̀ fún yín, torí láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tí mo lè bá yọ̀ ọ́ bó ṣe tọ́.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé gírámà ni mo ti wà nídìí tábìlì àbáwọlé nílé ìwádìí tí Bọ̀dá ti ń kàwé gboyè. Iṣẹ́ mi ni kí n gba àlejò, kí n lẹ ìwé ìkéde mọ́ ògiri, kí n pín àpótí oúnjẹ ọ̀sán, kí n sì bu tíì. Ẹni tó ń bu tíì, kò sẹ́ni tó ń rí i. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, torí èmi ń rí wọn.

Ọ̀gá tó ń darí Bọ̀dá ni wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Fang Po-hsiung. Ọkùnrin onírun dídán ni, bàtà rẹ̀ kì í dún. Bí àlejò bá wà níbẹ̀, "ọmọ mi" ló ń pe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Bí àlejò bá lọ tán, kì í rántí orúkọ ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìwọ̀nba tó yé mi nínú iṣẹ́ wọn, torí láìsí ìyẹn, ẹ ò ní mọ bí ẹ̀san yìí ṣe dùn tó. Nídìí abọ́ núdù ìrẹsì ni Bọ̀dá ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, tó ń fi igi ìjẹun yàwòrán nínú omi ọbẹ̀ tó ta sórí tábìlì. Ó ní agbára kan wà tó ń fa ohun gbogbo mọ́ra, òun ló ń já òroǹbó wálẹ̀, òun ló so òṣùpá mọ́ ayé. Òòfà nìyẹn. Ó ní agbára mìíràn tún wà nínú ikùn àwọn ohun tó kéré jù lọ láyé, tó lẹ inú wọn mọ́ra bí àtè ṣe ń lẹ ẹyẹ mọ́gi. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé, bí ẹyọ méjì bá sáré pàdé, tí wọ́n forí gbárí, kí ló máa jáde, ibo ló sì máa gbà? Ìṣirò ti àtè le, ṣùgbọ́n èèyàn lè ṣe é tán. Ti òòfà kò ṣeé fẹnu sọ. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ lè kún gbogbo ògiri ilé.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà iṣẹ́ náà ti rí ọgbọ́n kan, ó pẹ́. Wọ́n rí i pé òòfà jẹ́ àtè tí a fi àtè sọ di ìlọ́po. Gbogbo ẹyọ tó wà nínú ìṣirò àtè ló ní apá méjì lórí. Apá kan ni wọ́n ń pè ní àwọ̀, apá kejì sì jẹ́ ti ìrìn. Ẹ yọ àwọ̀ kúrò, ẹ fi ìrìn kejì sí àyè rẹ̀, ìṣirò òòfà ló kù sí yín lọ́wọ́ yẹn.

Mo ní, "Kò tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ̀yin wá ń fi ọdún gbáko ṣe é?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ náà ti gbọ́n jù. Ibẹ̀ yẹn gan-an ló ti ń fọ́ni lórí. Àwọ̀ ní òfin. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń rìn, tó o bá ro mẹ́ta yẹn pọ̀, òfo ni. Ìrìn kì í fúnra ẹ̀ pa òfin yẹn mọ́. Àfi kó o tò ó. Wàá yọ díẹ̀ níbí, wàá fi kún tọ̀hún, títí gbogbo mẹ́ta mẹ́ta á fi di òfo. Ẹni tó bá lọ sọ ọ́ di ìlọ́po kó tó tò ó tán, pàǹtírí ló kó jọ."

Mo ní bí ìrẹsì ni nígbà náà, èèyàn kì í gbé e síwájú àlejò kó tó jinná. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìrẹsì tí kò jinná, eyín á sọ. Èyí tí kò tò, ó máa ń dán lójú ju èyí tó tò lọ.

Àǹtí, iṣẹ́ tí Bọ̀dá ń ṣe ni ti ihò dúdú méjì ojú ọ̀run tí wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àti ìgbì tí wọ́n ń rú sókè bí wọ́n ti ń kọjá. Àwòrán rẹ̀ kún fún òrùka nínú òrùka. Kò tíì sí ẹni tó tò ó dé ibi tó tò ó dé. Lórí kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo wọn jọ ń lò ló ti ń ṣe é, èyí tí èmi fúnra mi ń gbé àpò ìpápánu aláwọ̀ ewé lé lórí, bí gbogbo oníkọ̀ǹpútà ìlú wa ti ń ṣe, kó má baà ya aṣiwèrè, tí mo sì ń pààrọ̀ ìpápánu náà kí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ tó pé. Ó kù díẹ̀ kó parí ni Fang pè é, ó gbá a léjìká. Ó ní, "Ọmọ mi, fi nǹkan yìí sílẹ̀. Kò lọ síbì kankan. Lọ bá mi yẹ iṣẹ́ àwọn yòókù wò." Bọ̀dá tí kì í já ọ̀gá níyàn fi í sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó ń bá a lọ nílé lórí ìwé, torí kò lè ṣàì ṣe é.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ìwé ìkéde ìpàdé ọdọọdún wá sí tábìlì mi kí n lẹ̀ ẹ́. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Japan, láti Denmark, láti ibi gbogbo. Fang ni yóò sọ̀rọ̀ ìṣíde. Iṣẹ́ Bọ̀dá ló wà níbẹ̀ gàdàgbà, ìlà ìṣirò tó gbẹ̀yìn wà láàárín bí òdòdó, orúkọ Fang nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo lẹ igun kan mọ́ ògiri, ọwọ́ mi kọ igun kejì.

Bọ̀dá lọ bá a. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, tábìlì mi sì dojú kọ ọ́, kò sí èyí tí mi ò gbọ́. Bọ̀dá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ gbàgbé orúkọ mi ni?" Fang ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ta ló fún ẹ ní ìbéèrè? Kọ̀ǹpútà ta lo lò? Ẹni tó bá ṣa ìrẹsì, ṣé òun ló se oúnjẹ?" Bọ̀dá tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ó dá a dúró. Ó ní, "Tó o bá tún lanu, màá ní ìwọ lo wọ inú iṣẹ́ mi lọ jí i. Ọ̀rọ̀ ta ni wọ́n máa gbà? Ọ̀rọ̀ tìẹ àbí tèmi?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kọ́kọ́rọ́ Bọ̀dá ò ṣílẹ̀kùn mọ́, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí sẹ́yìn tábìlì mi. Èmi ni wọ́n ní kí n fún un. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ olè yẹn ti gbéra tó fi dé etí Ìyá Àgbà. Ẹ sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Láìsí iṣẹ́ yẹn ní orúkọ rẹ̀, kò sí oyè. Láìsí oyè, gbogbo ohun tó fi ìgbà èwe rẹ̀ wá di ti ẹni tó ní irun dídán.

Wọ́n ní ká má ṣe ní inú dúdú ká tu itọ́ funfun. Èmi ní inú dúdú, mo sì ń rẹ́rìn-ín funfun láràárọ̀. Mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kékeré. Gbogbo àpótí oúnjẹ ọ̀sán tó ní ejìnrìn nínú, Fang ni mo ń gbé e fún. Ó kórìíra ejìnrìn bí ẹni kórìíra ikú. Á wò ó, á ní, "Jo-lan, òmíràn ò sí?" Màá ní, "Ó ti tán, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn àlejò ti mú un." Á jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á rún. Ó ń dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò yó mi.

Ọlọ́run ló ní kí n fi ọ̀kan nínú ìwé ìkéde tó ṣẹ́kù bo tábìlì ìjẹun wa nílé. Bọ̀dá jókòó láti jẹun, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìlà ìṣirò náà. Ó gbé abọ́ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú. Mo rò pé ẹkún ló fẹ́ sun.

Ó ní, "Kò tò ó."

Mo ní, "Ta ni ò to kí ni?"

Ó ní mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, lórí kọ̀ǹpútà yẹn, kò tíì di òfo nígbà tí wọ́n ní kó fi í sílẹ̀. Nílé níbí ló ti tò ó parí. Fang bá iṣẹ́ nílẹ̀ tó ń dán, ó gbà pé ó ti tò, ó sọ ọ́ di ìlọ́po bẹ́ẹ̀. Àǹtí mi, ara mi gbóná bí ẹni tó mu ọbẹ̀ atalẹ̀. Olè yìí gbé ìkòkò kúrò lórí iná kó tó jinná, ó sì ti pe gbogbo ayé wá jẹun!

Ṣùgbọ́n ẹ mọ irú ẹni tí Bọ̀dá jẹ́. Kàkà kó jó, ó ní, "Jo-lan, bá mi sọ fún un láàárọ̀ ìpàdé. Sọ pé mẹ́ta tó gbẹ̀yìn kò di òfo, kó pè mí kó tó dìde sọ̀rọ̀. Ojú á ti ilé ìwádìí wa."

Mo ní, "Mo ti gbọ́." Mi ò ṣèlérí kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Fang wọ kóòtù tuntun wá. Ó dúró níwájú tábìlì mi, ó na ọwọ́ gba tíì láìwò mí. Ó ní, "Ṣé ẹnì kankan fi iṣẹ́ rán ẹ sí mi?" Mo wo irun dídán yẹn. Mo rí páálí ẹrù Bọ̀dá lójú mi. Mo ní, "Rárá o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ mu tíì yín kó tó tutù." Tí ẹ bá fẹ́ bá mi wí, Àǹtí, ẹ dúró kí n sọ ìyókù fún yín ná. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Tó bá tún di ọ̀la, màá tún bu ṣúgà sí i.

Wọn ò ní jẹ́ kí Bọ̀dá wọlé, torí náà mo fún un ní épírọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù kan, mo ní kó dúró tì mí lẹ́yìn. Ó rọra bi mí pé, "O sọ fún un?" Mo ní, "Ó ti mu tíì."

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ìwọ̀nba tí mo gbọ́ ni mò ń kọ, Bọ̀dá ló sọ ìyókù fún mi. Fang sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kọrin. Ó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, ó fi àwọn òrùka hàn lára ògiri, ó wá gbé ìlà tó gbẹ̀yìn jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Arábìnrin àgbàlagbà kan láti Japan wà níwájú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Inubushi. Ó ti dijú láti ìbẹ̀rẹ̀, mo tiẹ̀ rò pé ó sùn. Ó lajú.

Ó ní, "Ó wù mí o. Ṣé ẹ ti dán an wò?"

Ìdánwò kan wà tí ọmọdé wọn ń ṣe. Gbogbo ẹyọ ló ń mì bó ṣe ń lọ. Ẹ ó yọ mímì ọ̀kan nínú wọn, ẹ ó fi ọ̀nà tó ń rìn sí àyè rẹ̀. Bí ìṣirò bá tọ́, gbogbo rẹ̀ á di òfo.

Fang ní, "Dájúdájú, mà."

Ìyá yẹn ní, "Mo ṣe díẹ̀ lórí ìwé mi níbí, kò di òfo. Bóyá mo ti darúgbó jù." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Denmark kan ti ń tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ojú ń tì í. Ó ní, "Lọ́dọ̀ mi náà, kò di òfo o."

Inubushi ní, "Ẹ má bínú, ṣé gbogbo mẹ́ta mẹ́ta yín ló di òfo kí ẹ tó sọ ọ́ di ìlọ́po?" Fang wo ògiri. Kò mọ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ̀, nígbà tí kì í ṣe òun ló bí i? Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í dán lábẹ́ irun dídán yẹn, èmi sì ń wò ó, mò ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jẹ ẹran.

Ó wá là á. Ó ní, "Ẹ dákun. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ni, Tsao Heng-yi ni orúkọ ẹ̀. Òun ló ṣe gbogbo ìṣirò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fọkàn tán an jù ni."

Àǹtí, ẹ gbọ́ nǹkan! Orúkọ tí kò yẹ lórí ìwé ìkéde, òun ló ti wá yẹ fún ìtìjú! Nígbà tó dùn, tirẹ̀ ni. Ó kan, ó di tiwa. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mo fi gbẹ́ kòtò fún un, ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ tì sínú rẹ̀. Mo fẹ́ pariwo. Kí n tó lanu, mo gbọ́ tí Bọ̀dá gbé kẹ́tùlù tirẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Èmi ni Tsao Heng-yi."

Gbogbo ọrùn yí sẹ́yìn. Ó rìn lọ síwájú pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù ní ìdí. Ó ní, "Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe sọ ọ́ ló rí. Èmi ni mo ṣe gbogbo ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n mú un kí n tó parí ẹ̀ ni. Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n parí ẹ̀?"

Inubushi ní, "Ìwọ tó ń bu tíì?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó da. Tíì yẹn dáa. Máa bọ̀."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó kọ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn sójú pátákó, ó yọ nínú ọ̀kan, ó fi kún èkejì, ó tún ẹ̀kẹta ṣe. Kò yára, kò sì nu nǹkan kan rẹ́. Ó rò ó pọ̀, òfo. Ó wá sọ ọ́ di ìlọ́po. Ọmọ Denmark yẹn ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, gbogbo ilé ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Òfo. Òfo pátápátá!" Wọ́n pàtẹ́wọ́, kì í ṣe irú ti àkọ́kọ́.

Ìyá ará Japan yìí wá yíjú sí Fang, ó rọra bi í bí ẹni tó ń bi ọmọ léèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n Fang, mi ò gbọ́ran dáadáa mọ́. Ẹ ní ta ló ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?"

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Kí ló tún fẹ́ wí? Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Tsao ni." Bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ Bọ̀dá ti ń ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti fi í sábẹ́ ọ̀gá mìíràn, olùdarí ilé ìwádìí sì ti ní kí Fang fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé kò sí olè kankan lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Fang gbé páálí kéèkì ọ̀pẹ-òyìnbó wá sórí tábìlì mi. Ó ní, "Jo-lan, ọmọ mi, bá mi bá ẹ̀gbọ́n ẹ sọ̀rọ̀. O mọ̀ pé nínú iṣẹ́ tiwa, bí a-b-d ṣe tò la ṣe ń to orúkọ. A kì í wo ẹni tó ṣe jù. Orúkọ mi á kàn ṣáájú ni, kò ní ìtumọ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rántí orúkọ mi láìsí ebi nínú rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ejìnrìn ṣẹ́kù lónìí, ṣé kí n bù ú wá?" Kéèkì náà, mo pín in fún àwọn tó ń gbálẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Bọ̀dá tún fẹ́ fi orúkọ Fang sí i? Ó ní Fang ló ṣáà fún òun ní ìbéèrè. Abọ́ ni mò ń fọ̀, mo sì ń fọ̀ ọ́ kó dún. Ó ní, "Ó da, báwo la ṣe máa wá san án fún un?" Mo ní, "Ṣebí ẹ ní ibì kan nísàlẹ̀ ìwé yín tí ẹ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo nu ọwọ́ mi, mo sọ ọ́ fún un ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun máa pa á rẹ́. Ó tún un kà, ó ní kò ṣáà sí irọ́ nínú ẹ̀. Kò pa á rẹ́.

Àná ni iṣẹ́ náà jáde, orúkọ Bọ̀dá nìkan ló wà lórí rẹ̀, níbi tí gbogbo àwọn oníṣẹ́ wọn lágbàáyé ti ń kà á. Ẹ bá mi ka ìlà tó gbẹ̀yìn fún Ìyá Àgbà sókè ketekete, kí wọ́n náà lọ kà á lọ́jà: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Fang Po-hsiung, ẹni tó kọ́kọ́ kéde fún gbogbo ayé pé èmi ni mo ṣe ìṣirò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Ọpẹ́ ni, Àǹtí mi. Kò sí ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti ń pe èèyàn lẹ́jọ́ torí pé ó dúpẹ́.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi tẹrí ba fún ìyá ọkọ yín lọ́nà tiwa, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ wa gé yín jẹ lẹ́ẹ̀kan nítorí mi. Bọ̀dá ní kí n kí yín; ó wà nídìí iṣẹ́ tuntun, kò gbọ́ ohun tí mo sọ pé màá kọ, ó kàn ń mi orí.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í gbàgbé,

Tsao Jo-lan